Ọjọ́ wo gan-an ni olùkọ́ ìjọba ń fẹ̀yìntì? Ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùkọ́ Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè wọn

Ìwé méjì ló ń pinnu ọjọ́ tí olùkọ́ ìjọba yóò fẹ̀yìntì: ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, àti ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ipò tó dé, ìwé-ẹ̀rí tó tún lọ gbà ní yunifásítì, tàbí bí ara rẹ̀ ṣe le tó, kò sí èyí tó lè sún ọjọ́ náà síwájú tàbí sẹ́yìn. Síbẹ̀, olùkọ́ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú kíláàsì, tó mọ ọjọ́ ìdánwò WAEC àti ọjọ́ ìsinmi sáà ní àmọ̀dunjú, lè má mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú fáìlì tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ní ìlú Oǹdó àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, pàápàá àwọn tó ṣì ku bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kí wọ́n fẹ̀yìntì, nítorí pé àwọn ló ṣì ní àyè láti tún ohun tí kò bá gún ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tó gbà yín síṣẹ́

Olùkọ́ mẹ́ta lè máa gbé ojúlé kan náà ní Àkúrẹ́, kí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì wọn má sì bára mu. Èyí tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wà lábẹ́ SUBEB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ọ̀nà tí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá ni tirẹ̀ náà sì ń gbà. Èyí tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìpínlẹ̀ wà lábẹ́ TESCOM, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn olùkọ́ girama, ibẹ̀ ni fáìlì rẹ̀ wà. Ẹnì kẹta, tó ń kọ́ni ní Federal Government Girls' College tó wà ní Àkúrẹ́, tàbí ní Federal Government College ní Ìdóàní, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, òfin ìjọba àpapọ̀ ló sì dè é láìku síbì kan.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ibi tí àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan á gbọ́ ìròyìn lórí rédíò pé wọ́n ti fi ọdún kún ọdún àwọn olùkọ́, á sì gbà pé òun ni wọ́n ń sọ fún, láìbéèrè bóyá ìjọba tó ń san owó oṣù òun ni ìjọba tó sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín: orúkọ àjọ tó wà lókè ìwé náà ni ẹ ó máa bá lò títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Bí ẹ bá ti kúrò lábẹ́ àjọ kan bọ́ sí òmíràn, bíi láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí girama, àjọ tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí ni ẹ ó kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n ìwé àjọ àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́rìí sí àwọn ọdún ìṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ iye ọdún tí òfin sọ

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni òfin iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà ti sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀yìntì nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 60, tàbí nígbà tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Òfin yìí kan náà ló de olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó di Ọjọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé òun fẹ́ yí i padà fún àwọn olùkọ́, ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ó sì buwọ́ lu òfin náà. Òfin tuntun yìí sọ pé olùkọ́ yóò fẹ̀yìntì dandan nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 65, tàbí nígbà tó bá lo ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́ tó wọ ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ó tún sọ ọ́ gbangba pé òfin 60 àti 35 kò de olùkọ́ mọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ló ṣe òfin yẹn, òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni olùkọ́ SUBEB àti ti TESCOM sì jẹ́. Ohun tó wà lórí ìwé ní Àbújá kì í di ohun tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Alágbàká, Àkúrẹ́, ń lò àyàfi bí ìpínlẹ̀ bá gbà á wọlé, tí wọ́n sì fi ìwé ìkéde ránṣẹ́ sí àwọn àjọ tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu alága ẹgbẹ́, ti ọ̀rẹ́ yín tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tàbí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ṣe ìṣirò. Ẹ béèrè ìwé ìkéde náà fúnra rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ wo àwọn tó dárúkọ, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ìwé náà bá sọ pé láti ọjọ́ báyìí lọ ni, ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé ṣáájú ọjọ́ yẹn kò lè bá a wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kúrò nínú kíláàsì tún yàtọ̀. Òfin 2022 dárúkọ olùkọ́. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣùgbọ́n tó ti di alábòójútó ní ọ́fíìsì, tàbí tí wọ́n ti gbé lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn, kò gbọdọ̀ kàn jókòó kó máa retí ọdún 65. Kí ó kọ̀wé sí àjọ rẹ̀ láti béèrè ẹ̀ka tí wọ́n kà á sí, kí ó sì gba èsì rẹ̀ lórí ìwé, nítorí pé èsì ẹnu kì í wọ fáìlì. Ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú TRCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀, wúlò láti fi hàn pé olùkọ́ ni ènìyàn í ṣe, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìwé tó sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣe ìṣirò ọjọ́ náà fúnra yín

Ẹ mú bébà, ẹ kọ ọjọ́ méjì sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ ó pé ọdún tí òfin sọ, àti ọjọ́ tí iye ọdún iṣẹ́ yóò pé. Èyí tó ṣáájú ni ọjọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan tí wọ́n bí ní 20 oṣù kọkànlá ọdún 1967, tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní kékeré, tó sì wọṣẹ́ ní 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987. Kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Lábẹ́ òfin 60 àti 35, iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pé fún un, ní 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹni ọdún 54. Lábẹ́ òfin 65 àti 40, iṣẹ́ náà ni yóò tún kọ́kọ́ pé, ní 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2027, kò sì ní tíì pé ọgọ́ta ọdún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń jiyàn pé, “Mi ò tíì pé ọdún 60, kí ló dé tí ẹ ní kí n máa lọ?” Ọjọ́ orí rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ló lé e bá.

Ẹni kejì pẹ́ kó tó wọṣẹ́. Wọ́n bí i ní 2 oṣù karùn-ún ọdún 1968, ó ṣòwò fún ìgbà díẹ̀, ó lọ gba NCE, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ ní 10 oṣù kìíní ọdún 2006. Lábẹ́ òfin 60 àti 35, ọjọ́ orí ni yóò lé e, ní 2 oṣù karùn-ún ọdún 2028, lẹ́yìn ọdún 22 lẹ́nu iṣẹ́ àti oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Lábẹ́ òfin 65 àti 40, 2 oṣù karùn-ún ọdún 2033 ni, lẹ́yìn ọdún 27 àti oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Kò lè lo ọdún 40 láéláé, kó má sì fi ọdún 40 ṣe ètò kankan.

Ọjọ́ tí ìṣirò bá fúnni, òun gan-an ni, kì í ṣe ìparí oṣù tàbí ìparí sáà ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá dúró kọjá rẹ̀, owó oṣù tí wọ́n bá san fún yín lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń kà sí gbèsè, wọn a sì yọ ọ́ nínú ẹ̀tọ́ yín nígbà tó bá yá. Pírínsípà tó ń bẹ olùkọ́ pé kó dúró kí àwọn ọmọ SS3 ṣèdánwò tán kọ́ ni yóò san owó yẹn padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ọdún tó wọ ìṣirò àti èyí tí kò wọ̀ ọ́

Gbólóhùn kan wà nínú òfin tí ojú sábà máa ń fò: iṣẹ́ tó wọ ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì. Kì í ṣe gbogbo ọdún tí ènìyàn lò nídìí páátákó ló wọ inú rẹ̀. Ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún tí àwọn òbí fi ń san owó yín láti inú àpò ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Àkókò ìsinmi tí ẹ gbà láìgba owó oṣù, bíi tẹni tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun fún ọdún méjì, máa ń jáde kúrò nínú iye ọdún tí wọ́n fi ń ṣírò owó.

Ẹni tó kúrò lábẹ́ ìjọba kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé méjì: ìwé pé ìjọba àkọ́kọ́ yọ̀ǹda rẹ̀, àti ìwé pé ìjọba kejì gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ pé ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, tó wá tún wọṣẹ́ tuntun lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àlàfo ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì lè ṣòro kí wọ́n tó so ọdún ìṣáájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn.

Ní ẹkùn tiwa, ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí a mọ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, nígbà tó sì di 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára rẹ̀. Olùkọ́ tó wọṣẹ́ ní ọdún 1987 tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lókè yìí lè jẹ́ ọmọ Oǹdó tó ń kọ́ni ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Adó nígbà náà, kí ó sì padà sí ìhà Àkúrẹ́ nígbà tí wọ́n pín òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà ló ṣì ń bá lọ, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ lè ti pín sí méjì: ìwé ìgbanisíṣẹ́ lè wà ní ìhín, kí ìwé ìdúró-ṣinṣin lẹ́nu iṣẹ́ wà ní ọ̀hún. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kò pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ó wá ìwé tó gbé e padà ní 1996 jáde, kí ó sì rí i pé ó wà nínú fáìlì rẹ̀ ní Àkúrẹ́ kí ọjọ́ tó pé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ ìwé yín wò, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn

Níbí ni mo ti máa ń sọ̀rọ̀ pẹ́ jù, nítorí pé ibí ni owó ènìyàn ti ń há. Ẹ to àwọn ìwé wọ̀nyí sórí tábìlì kan: ìwé ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwé ìdúró-ṣinṣin lẹ́nu iṣẹ́, ìwé ìgbéga ìkẹyìn, ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ìwé owó oṣù tuntun, ìwé NIN, àti àkọsílẹ̀ BVN yín ní báńkì. Ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fura sí.

Ohun tí ẹ ó rí lè yà yín lẹ́nu. Lórí ìwé kan, “Folake Adunni” ni, lórí ìkejì, “Adunni F.”, NIN kọ “Folakemi” nítorí pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìbí lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ jẹ́ 4 oṣù keje, BVN sì gbé e gẹ́gẹ́ bíi 7 oṣù kẹrin. Fún àwọn ìyá, orúkọ ilé bàbá ló wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́, orúkọ ọkọ ló wà lórí gbogbo ìyókù. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń ṣètò owó kò mọ̀ pé Folake àti Folakemi jẹ́ ẹnì kan náà.

Ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ ṣe òpó, kí ẹ sì mú àwọn ìyókù wá bá a mu, kì í ṣe kí ẹ máa gbìyànjú láti yí fáìlì padà. Ọjọ́ ìbí tí ẹ fún ìjọba nígbà tí ẹ wọṣẹ́ ni ìjọba yóò máa lò títí dópin, ẹni tó bá sì fẹ́ yí i padà nígbà tí ìfẹ̀yìntì kù díẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìwádìí sórí ara rẹ̀ ni. NIN àti BVN ni kí ẹ lọ tún ṣe. Fún orúkọ ọkọ, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìbúra ní kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n máa ń béèrè, kí ẹ sì kọ̀wé sí àjọ yín kí wọ́n fi ìyípadà náà sínú fáìlì. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà pẹ̀lú òǹtẹ̀ pé wọ́n ti gbà á. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀ ìgbàwọlé, ẹ kà á sí ìwé tí ẹ kò tíì kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ ètò tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ àti ohun tí yóò kàn yín

Ètò méjì ló wà ní Nàìjíríà. Ìwé owó oṣù yín ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń yọ owó pẹ́ńṣọ̀n nínú owó oṣù yín, tí ẹ sì ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, tí nọ́ńbà 12 tẹ̀ lé e, ẹ wà nínú ètò tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí. Bí kò bá sí ìyọkúrò kankan, ètò àtijọ́ ni tiyín, níbi tí ìjọba ti ń san gbogbo rẹ̀ láti inú àpò rẹ̀.

Àtẹ ètò àtijọ́ wá láti inú òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 1979 àti àtúnṣe ọdún 1992. Ẹni tó lo ọdún márùn-ún ti ní ẹ̀tọ́ sí grátúítì, ìyẹn owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó fẹ̀yìntì, ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá sì ní ẹ̀tọ́ sí grátúítì àti pẹ́ńṣọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í san pẹ́ńṣọ̀n fún ẹni tó fi ìfẹ́ ara rẹ̀ lọ kí ó tó pé ọmọ ọdún 45. Lọ́dún kẹwàá, pẹ́ńṣọ̀n jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan, grátúítì sì jẹ́ odindi owó ọdún kan. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá gorí rẹ̀ ń fi ìdá 2 kún pẹ́ńṣọ̀n, ó sì ń fi ìdá 8 kún grátúítì, títí tí yóò fi dé ìdá 80 àti owó ọdún mẹ́ta gbáko lọ́dún 35.

Ẹ padà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa kejì, kí a sì sọ pé ètò àtijọ́ ló wà, owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn jẹ́ ₦200,000, èyí tó jẹ́ ₦2,400,000 lọ́dún. Bí ó bá fẹ̀yìntì lẹ́yìn ọdún 22, ìdá 54 ni pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn ₦108,000 lóṣù, grátúítì rẹ̀ sì jẹ́ ₦4,704,000. Bí ó bá dé ọdún 27 lórí owó oṣù kan náà, pẹ́ńṣọ̀n á di ₦128,000 lóṣù, grátúítì á sì di ₦5,664,000. Fún irú rẹ̀, ọdún márùn-ún tí òfin 65 fi kún un wúlò púpọ̀.

Ti olùkọ́ àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ náà dúró sí ọdún 35. Àyàfi tí òfin ìpínlẹ̀ bá fa àtẹ náà gùn, ọdún 36 títí dé 40 kò ní fi ìdá kankan kún tirẹ̀. Owó oṣù tó ń gbà lọ́wọ́ àti ìgbéga tó bá bá a níbẹ̀ nìkan ni èrè rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le mọ́, tó sì ti pé ọdún 35, yẹ kó ro èyí dáadáa kí ó tó sọ pé òun ó dúró dé òpin. Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ẹ̀tọ́ lè fi ìfẹ́ ara rẹ̀ fẹ̀yìntì, bí ó bá ti fún ìjọba ní ìkìlọ̀ tó tọ́.

Ètò kejì, Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ló ń darí rẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2004. Ó kéré tán, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 10, owó náà sì ń wọ àpò tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RSA, lọ́dọ̀ PFA, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, tí òṣìṣẹ́ bá yàn. Àjọ PenCom ló ń ṣọ́ wọn. Níbí, kò sí àtẹ ìdá kankan. Iye tó bá wà nínú àpò ni a ó pín. Òṣìṣẹ́ lè fọwọ́ kan owó náà nígbà tó bá fẹ̀yìntì tàbí tó bá pé ọmọ ọdún 50, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó pé 50, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba ohun tí kò ju ìdá 25 lọ. Nígbà ìfẹ̀yìntì, ènìyàn lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ohun tó kù bá ti tó láti máa san owó fún un lóṣooṣù, yálà láti ọwọ́ PFA tàbí láti ọwọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò tí yóò máa san án títí ọjọ́ ikú.

Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ RSA yín lọ́dọọdún, kí ẹ sì fi í wé ìwé owó oṣù. Oṣù tí wọ́n yọ owó ṣùgbọ́n tí kò dé inú àpò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì kọ̀wé nípa rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná. Bí iléeṣẹ́ PFA yín kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè kó lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn olùkọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n wọṣẹ́ ṣáájú 2004 tún ní owó fún àwọn ọdún ìṣáájú, èyí tí ìjọba yóò fi kún RSA wọn, ìdí sì nìyí tí wọn kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ tí PenCom ń ṣe lọ́dọọdún fún àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìntì kọjá wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: oṣù mẹ́ta ìkẹyìn

Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ fún ìjọba ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Oṣù àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìfẹ̀yìntì, oṣù méjì tó kù sì wà fún títò ìwé. Ẹ má dúró dé ìgbà yẹn kí ẹ tó kọ̀wé o. Ẹ kọ ìwé náà bí oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ fa ohun ìní ìjọba lé ẹni tó yẹ lọ́wọ́, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ kò jẹ gbèsè, títí kan owó tí ẹ yá fún ọkọ̀ tàbí ilé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiyín náà yẹ kó kọ tirẹ̀.

Nínú ètò àtijọ́, pẹ́ńṣọ̀n olóṣooṣù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú grátúítì, nítorí pé grátúítì ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń san ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, ó sì lè pẹ́ gan-an. Ẹ má ṣe fi owó tí kò tíì wọlé ra ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dùn mọ́ni láti bẹ̀rẹ̀ ilé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe ìdágbére fúnni, ṣùgbọ́n ẹ fi pẹ́ńṣọ̀n nìkan ṣètò oúnjẹ àti oògùn ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́ kò ní láti dúró de ọjọ́ ìṣirò. Kí ó béèrè pé kí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ìjọba yẹ òun wò. Ìwé ìgbìmọ̀ náà ni yóò mú kí wọ́n gbà kí ó fẹ̀yìntì nítorí àìlera. Èyí sàn ju kí ó máa pa iṣẹ́ jẹ títí wọn yóò fi kọ̀wé ìbáwí sí i.

Orúkọ ẹni tó sún mọ́ yín jù lọ

Nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan sí ibi tí wọ́n ti béèrè ìbátan. Fún ọ̀pọ̀ olùkọ́, bàbá wọn ni, tàbí ẹ̀gbọ́n tó mú wọn lọ síṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tó sì ti lọ bá àwọn baba rẹ̀. Ẹ lọ yí i padà.

Bí òṣìṣẹ́ ètò àtijọ́ bá kú láàárín ọdún márùn-ún tó fẹ̀yìntì, ohun tó kù nínú pẹ́ńṣọ̀n ọdún márùn-ún náà ṣì jẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn tó fi sílẹ̀. Nínú ètò tuntun, ohun tó wà nínú RSA ni wọn yóò san fún àwọn tí ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ogún bá dárúkọ, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ti ra ìdójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tó tó ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún rẹ̀, bí ó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Gbígba ìwé àṣẹ lórí ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́ máa ń gba àkókò àti owó, ọmọ tí kò sì mọ nọ́ńbà PEN bàbá rẹ̀ ni yóò fojú winá rẹ̀ jù. Ẹ kọ nọ́ńbà náà, orúkọ iléeṣẹ́ PFA, nọ́ńbà fáìlì yín àti báńkì tí owó ń wọlé sí sínú ìwé kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ tàbí aya yín àti ọmọ kan tó lè ka ìwé mọ ibi tí ẹ fi sí.